Bíbu ọlá fún àwọn ológun inú ẹgbẹ́ Omega Psi Phi: ìbéèrè àti ìdáhùn

A kọ èyí fún àwọn Yorùbá tó ní ọmọ, àbúrò tàbí ọkọ nínú àwọn ẹgbẹ́ onílẹ́tà Gíríìkì ní Amẹ́ríkà (ẹgbẹ́ yunifásítì tó ń fi lẹ́tà èdè Gíríìkì jẹ́ orúkọ), àti fún ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n bá gbé ìwé ìrántí àwọn ológun lé lọ́wọ́. Omega Psi Phi la fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé Èkó ni Charles Young, ológun rẹ̀ tó lókìkí jù, kú sí.

Ṣé kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn ni?

Rárá. A mọ ibi tí ìbéèrè náà ti ń wá. Ní Nàìjíríà, bí òbí bá gbọ́ pé ọmọ òun ti wọ ẹgbẹ́ ní yunifásítì, àyà rẹ̀ á já, ó sì nídìí. Èyí yàtọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, Edgar Love, Oscar Cooper àti Frank Coleman, pẹ̀lú olùkọ́ wọn Ernest Just, ló dá Omega Psi Phi sílẹ̀ ní Yunifásítì Howard ní Washington, lọ́jọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 1911. Ó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ilé-ẹ̀kọ́ sì mọ̀ ọ́n. Lóòótọ́, ó ní ètò ìgbàwọlé tí wọn kì í ṣe lójú ọjà, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ò lè jẹ́ ẹ̀rù fún ọmọ Yorùbá tó mọ bí awo ṣe ń jẹ́.

Ohun tó ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ wa ni pé ẹni tó bá jáde ní yunifásítì kò jáde nínú ẹgbẹ́. Ẹni tó wọlé ní ọmọ 20 ọdún lè ṣì máa san owó ẹgbẹ́ ní 75. Nínú ẹ̀ka kan ṣoṣo, ẹ lè bá bàbá tó ja ogun Vietnam àti ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti Afghanistan dé lórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Báwo ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe wá ní ológun tó pọ̀ tó báyìí?

Ọdún 1917 ni ká ti wò ó. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní, kò sí ibùdó kankan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú láti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Howard àtàwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn kó orúkọ jọ, wọn ò jẹ́ kí ìjọba sinmi, títí wọ́n fi ṣí ibùdó kan ní Fort Des Moines ní ìpínlẹ̀ Iowa. Nǹkan bí 1,250 ọkùnrin ló wọlé síbẹ̀ ní oṣù Kẹfà. 639 gba oyè ọ̀gá lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹwàá. Àwọn ọmọ yunifásítì ni wọ́n ń wá, kò sì yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ lára wọn ti wà nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí. Edgar Love, ọ̀kan lára àwọn tó dá Omega sílẹ̀, lọ sógun gẹ́gẹ́ bí àlùfáà ológun, nígbà tó yá ó di bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì.

Ta ni Charles Young?

Wọ́n bí i lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1864 ní Mays Lick, ìpínlẹ̀ Kentucky, àwọn òbí rẹ̀ sì wà lóko ẹrú. Bàbá rẹ̀, Gabriel, sá kúrò, ó sì lọ wọṣẹ́ sójà lọ́dún tó tẹ̀ lé e láti jà fún òmìnira. Charles wọ ilé-ẹ̀kọ́ ológun ti West Point ní 1884, ó jáde ní 1889. Òun ni aláwọ̀ dúdú kẹta tó gboyè níbẹ̀. Ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ ológun ní Wilberforce ní Ohio, níbi tí òun àti W. E. B. Du Bois, gbajúmọ̀ ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú, ti di ọ̀rẹ́. Ní 1903, wọ́n fi ṣe alábòójútó ọgbà igi ńláńlá ti Sequoia ní California. Aláwọ̀ dúdú kankan ò tíì ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ṣojú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ní Haiti, lẹ́yìn náà ní Liberia. Ní 1912, Omega gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ ọlọ́lá, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ò tíì ju ọmọ ọdún kan lọ.

Ní 1917, ọ̀nà ti ṣí fún un láti di ọ̀gágun àkọ́kọ́ nínú ìran rẹ̀. Àwọn dókítà ológun ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, wọ́n fún un ní oyè kọ́nẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé. Àwọn ọ̀gá kéékèèké tó jẹ́ aláwọ̀ funfun ti ń ráhùn pé àwọn ò fẹ́ wà lábẹ́ aláwọ̀ dúdú, ẹjọ́ wọn sì ti dé ọ̀dọ̀ ààrẹ. Young ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1918, nígbà tó ti pé ọmọ ọdún 54, ó gun ẹṣin láti Wilberforce lọ sí Washington, máìlì 497, ọjọ́ 16. Nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan, á gun ẹṣin fún ìṣẹ́jú 45, á sọ̀kalẹ̀ fẹsẹ̀ rìn fún 15. Ara aláìsàn wo ló lè ṣe ìyẹn? Wọ́n pè é padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ 6 oṣù Kọkànlá, ogun sì parí lọ́jọ́ kọkànlá.

Kí ló gbé e dé Èkó?

Iṣẹ́ ni. Ní 1920 wọ́n tún rán an lọ sí Liberia. Ìrìnàjò tó ṣe láti ibẹ̀ wá sí Nàìjíríà ló ń ṣe lọ́wọ́ tí àìsàn kíndìnrín fi kì í mọ́lẹ̀. Ó kú sí ilé ìwòsàn ní Èkó lọ́jọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 1922, àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì sì sin ín níbẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ada, àtàwọn tó mọ̀ ọ́n ní Amẹ́ríkà ò gbà kó parí síbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n hú òkú rẹ̀, wọ́n gbé e kọjá òkun, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ òkú àwọn ológun ní Arlington lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 1923. Ẹ má wá ibojì rẹ̀ kiri Èkó. Kò sí níbẹ̀ mọ́.

Kí ni ẹgbẹ́ ṣe fún un tó ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ?

Ilé rẹ̀ ni. Ilé bíríkì alájà kan ni, tí wọ́n kọ́ ní 1839, ní ẹ̀bá títì ní Wilberforce. Youngsholm lòun fúnra rẹ̀ ń pè é. Omega Psi Phi wà lára àwọn tó gba ilé náà kalẹ̀ kó má bàa bàjẹ́. Ẹgbẹ́, àjọ àánú kan tó ń jẹ́ Friendship Foundation àti àjọ Trust for Public Land wá fi ta ìjọba àpapọ̀ lọ́rẹ. Lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 2013, Ààrẹ Obama kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi ìrántí orílẹ̀-èdè fún Young àti fún àwọn sójà aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní Buffalo Soldiers. Oyè ọ̀gágun tí wọ́n fi dù ú ní 1917, ó di 2022 kí wọ́n tó fi sórí orúkọ rẹ̀, ní ayẹyẹ kan ní West Point.

Tiwa ni pé fífi ilé yẹn tọrẹ ló fakọ jù nínú gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ ṣe fún un. Ẹgbẹ́ ì bá ti sọ ọ́ di ọ́fíìsì tirẹ̀, kí ọmọ ẹgbẹ́ nìkan máa wọ̀ ọ́. Nígbà tó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, ó di ti gbogbo ènìyàn, owó àtúnṣe òrùlé sì kúrò lọ́rùn àwọn àgbà ẹgbẹ́.

Ta ni ká kà mọ́ ológun nígbà tí a bá ń kọ orúkọ?

Ọ̀rọ̀ wa náà lè ṣì wá lọ́nà níbí. Bí Yorùbá bá gbọ́ ajagunfẹ̀yìntì, àgbàlagbà tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì ló ń wá sọ́kàn. Lójú òfin Amẹ́ríkà, ẹni tó ṣiṣẹ́ ológun ọdún mẹ́ta péré, tó sì jáde láìsí ẹ̀sùn tó ba orúkọ jẹ́, ológun àtijọ́ lòun náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó wọṣẹ́ sójà níbẹ̀, tó parí àdéhùn rẹ̀, tó sì lọ ṣe nọ́ọ̀sì, kì í forúkọ sílẹ̀ nítorí ó rò pé kò kan òun. Ẹ bi wọ́n léèrè báyìí: "Ṣé ẹ ti wọ aṣọ ológun Amẹ́ríkà rí?" Ẹ má béèrè bóyá wọ́n ti fẹ̀yìn tì.

Ìwé wo la fi ń jẹ́rìí?

DD 214 ni, ìwé ìjáde tí wọ́n ń fún ológun láti 1950. Ẹ̀dà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Èyí tí ẹ fẹ́ ni ẹ̀dà gígùn, tí wọ́n kọ Member 4 sí nísàlẹ̀, nítorí òun ló sọ irú ìjáde tí ẹni náà jáde. Ẹ̀dà kúkúrú kò sọ ọ́, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí i tán, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: ẹ̀ka iṣẹ́ ológun, oyè tó gbà kẹ́yìn, ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde, àti àmì ẹ̀yẹ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ wà lórí ìwé náà. Ẹ bò ó kẹ́ ẹ tó ya ẹ̀dà, kẹ́ ẹ sì dá ìwé padà fún ẹni tó ni ín lọ́jọ́ náà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kíkọ ohun tí wọ́n sọ níbi òkú. Ọmọ á ní bàbá òun jẹ́ mejọ̀, ìwé á ní kápútéènì. Bàbá náà lè má purọ́ rárá. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ mìíràn, ọmọ sì gbọ́ ọ. Ohun tó wà nínú ìwé lẹ máa tẹ̀. Ẹ sì fara balẹ̀ sọ fún ẹbí kí ìwé ètò tó jáde, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ìwé bá ti sọnù ńkọ́?

Ẹ kọ̀wé sí ibi tí wọ́n kó ìwé àwọn ológun pamọ́ sí ní St. Louis, ìpínlẹ̀ Missouri, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù SF 180, tàbí kẹ́ ẹ béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹni náà kò bá tíì pé ọdún 62 tó ti jáde, òun fúnra rẹ̀, tàbí tó bá ti kú, ìyàwó rẹ̀ tí kò tíì fẹ́ ọkọ mìíràn, òbí, ọmọ, tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ nìkan ló lè béèrè. Ẹ̀ka ẹgbẹ́ kò sí nínú wọn, bó ti wù kẹ́ ẹ sún mọ́ ọn tó. Lẹ́yìn ọdún 62, ẹnikẹ́ni lè béèrè, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba owó ẹ̀dà.

Iná kan jó níbẹ̀ lọ́jọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1973. Fáìlì mílíọ̀nù 16 sí 18 ló jóná. Nínú ti àwọn sójà orí ilẹ̀ tó jáde láàárín 1912 sí 1960, nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá ẹni tó ja Ogun Àgbáyé Kejì, tí wọ́n sì fèsì pé kò sí fáìlì, ìyẹn ò sọ pé kò jagun. Ẹ lọ wá ìwé owó oṣù, ìwé ìjáde tí ọ̀pọ̀ ológun fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ nígbà tí wọ́n délé, àti ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ láàárín ọdún náà. Ìwé àwọn ológun òfuurufú náà fara gbá nínú iná yẹn. Ti àwọn ológun ojú omi kò sí lára ohun tó jóná.

Ọjọ́ wo la máa ń ṣe é?

Ẹ má da ọjọ́ méjì rú. Mọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù Karùn-ún wà fún àwọn tó kú sẹ́nu iṣẹ́ ológun. Ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá wà fún gbogbo ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ológun, àgàgà àwọn tó wà láàyè. Bí ẹ bá kí ológun alààyè kú ọdún lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn, inú ológun náà lè máà dùn, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kú ló ń rò. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, àsíá máa ń wà ní ìdajì òpó títí di ọ̀sán gangan, kí wọ́n tó fà á dókè pátápátá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ló ń gbàgbé ti ọ̀sán.

Omega ní ọjọ́ tirẹ̀, 12 oṣù Kẹta, tí gbogbo ẹ̀ka fi ń rántí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ti kú. Ọjọ́ ìbí Young náà nìyẹn.

Kí ló yẹ ká mọ̀ nípa ètò ìsìnkú?

Àwọn tó ń ṣètò ìsìnkú ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n béèrè fún ọlá ológun. Ìjọba kì í gba owó rẹ̀. Ó kéré tán, ológun méjì tó wọ aṣọ iṣẹ́ ló máa wá, ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ wá láti ẹ̀ka tí olóògbé ti ṣiṣẹ́. Wọ́n á fun fèrè ìdágbére, wọ́n á ká àsíá, wọ́n á gbé e fún ẹbí.

Àsíá náà tóbi: ẹsẹ̀ bàtà 5 ní ìbú, 9 àbọ̀ ní gígùn. Lórí pósí, apá búlúù onírawọ̀ ló máa wà lápá orí, ní èjìká òsì òkú. Kò gbọ́dọ̀ bá pósí wọ ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ká a nìyí: àwọn méjì á nà án le láàárín ara wọn, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po ní gígùn lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó wà lápá onílà pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í ká a ní igun mẹ́ta-mẹ́ta lọ bá ẹnì kejì. Tó bá parí, pupa kankan ò gbọ́dọ̀ hàn. Búlúù àti ìràwọ̀ nìkan ni, ní igun mẹ́ta. Ọwọ́ tó bá yára ló ń ba á jẹ́: bí ìṣẹ́po àkọ́kọ́ bá wọ́ díẹ̀, etí pupa á yọ níparí, wọn á sì ní láti tú u lójú opó. Fọ́ọ̀mù 27-2008 la fi ń gba àsíá náà. Òwú ni, kò wà fún òpó ìta. Òjò méjì ti tó láti bà á jẹ́.

Ètò ti ẹgbẹ́ ńkọ́? Ẹ ṣe é nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, níbi àìsùn. Bí ẹ bá fi sí ẹ̀gbẹ́ ibojì, àwọn ológun tó ń dúró lóòrùn lè ní ìsìnkú mìíràn lọ, ẹbí á sì wá pàdánù fèrè. Kí ológun tó wọ aṣọ iṣẹ́ má sì fi báàjì ẹgbẹ́ mọ́ ọn láyà.

Ibojì ọmọ ẹgbẹ́ kan kò ní òkúta.

Ìjọba ń fún ológun ní òkúta ibojì láìgbowó, fọ́ọ̀mù 40-1330 ni. Owó gbígbé e nílẹ̀ ní itẹ́ òkú aládàáni ni ẹ̀ka lè bá ẹbí san. Bí òkúta tí ẹbí rà bá ti wà níbẹ̀, ẹ béèrè àmì idẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn, fọ́ọ̀mù 40-1330M. Ó wà ní ìwọ̀n mẹ́ta, nítorí náà ẹ wọn òkúta kẹ́ ẹ tó yan.

A fẹ́ dá owó ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ sílẹ̀ lórúkọ ológun wa. Níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí irú àpò tí owó máa wọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ onílẹ́tà Gíríìkì wà lábẹ́ ìlà 501(c)(7) nínú òfin owó-orí, tó túmọ̀ sí pé ẹni tó bá fún wọn lówó kò lè yọ ọ́ kúrò nínú owó tí yóò san owó-orí lé. Ẹ̀bùn sí àjọ àánú 501(c)(3) ló ṣeé yọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka tó bá gba ẹ̀bùn sínú àpò ẹgbẹ́, tó sì kọ ìwé pé ó ṣeé yọ, ti kó olùfúnni sínú ìjàngbọ̀n. Bí ẹgbẹ́ bá ti ní àjọ àánú tirẹ̀, ẹ gba tibẹ̀. Bí kò bá sí, fọ́ọ̀mù 1023-EZ wà fún àjọ kékeré, tí ohun tó ń wọlé lọ́dún kò ju $50,000 lọ. Ẹ fún olùfúnni ní ìwé ẹ̀rí fún ẹ̀bùn tó bá tó $250. Ẹ má sì gbàgbé ìròyìn ọdọọdún sí àwọn agbowó-orí: ẹni tí kò bá fi ránṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta léraléra, àyè rẹ̀ ti bọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni àjọ kéékèèké ń gbà kú jù, nítorí pé akápò pààrọ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún tuntun.

Ẹ̀yìn náà ni ìṣirò. Bí ẹ bá fẹ́ kí owó náà máa wà títí, ẹ má ná ju 4 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ lọ́dún. $25,000 á mú $1,000 wá. Bí $6,000 péré lẹ ní, ẹ má pè é ní owó àìnípẹ̀kun. Ẹ fún ọmọ kan ní $1,000 lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́fà, kẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba.

Iṣẹ́ ńlá ń gba àkókò. Ẹgbẹ́ Alpha Phi Alpha ló dá àbá ibi ìrántí Martin Luther King, ọmọ ẹgbẹ́ wọn, ní Washington ní 1984. Ó di 1996 kí òfin tó jáde, $120 mílíọ̀nù ló sì gbà. Wọ́n fẹ́ ṣe ayẹyẹ ìyàsímímọ́ rẹ̀ lóṣù Kẹjọ ọdún 2011, ìjì Irene dé, ó di oṣù Kẹwàá.

Báwo la ṣe máa kọ iṣẹ́ àánú tí ológun ṣe lẹ́yìn ogun?

Bí ìwé ẹ̀rí ni kẹ́ ẹ kọ ọ́. "Ó ran ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ́wọ́" kò sọ nǹkan kan. Kí ló ṣe, níbo, láti ọdún wo sí ọdún wo, ta ló jẹ́rìí? Bó bá jẹ́ pé ó ń kọ́ ọmọ mẹ́rin ní ìṣirò lálẹ́ Túsìdeè fún ọdún 11, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kẹ́ ẹ dárúkọ iye owó tó fi sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò fẹ́.

Àwa tá a wà ní Èkó ńkọ́?

Nàìjíríà ní ọjọ́ tirẹ̀, 15 oṣù Kìíní, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970. Ọjọ́ ikú Young, 8 oṣù Kìíní, fi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú rẹ̀. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá pọ̀ tó láti péjọ lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ lè so méjèèjì pọ̀: ẹ ka ìtàn rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi owó ìpéjọ náà fún opó ológun kan tó wà nítòsí yín, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí.